Rẹ́kọ́ọ̀dù, síídì tàbí orin orí fóònù: èwo ni ká fi máa gbọ́ orin nílé?

Nígbà tí a ṣí yàrá ẹ̀yìn nílé bàbá wa lẹ́yìn ìsìnkú, àpótí méjì tó kún fún rẹ́kọ́ọ̀dù la bá níbẹ̀. Àwo 63 ni, yàtọ̀ sí àwọn kéékèèké. Àpàlà ló pọ̀ jù, jùjú tẹ̀ lé e, sákárà díẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ní ká kó wọn fún ẹni tó bá fẹ́, nítorí kò sí orin tí kò sí lórí fóònù mọ́. Àbúrò wa tó ń gbé ní Peckham, ní London, pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n, pé rẹ́kọ́ọ̀dù ló lóde báyìí, pé kò sí ohun tí ohùn rẹ̀ dà bíi tirẹ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n wa ní síídì ni tòun, òun kò mọ ìyẹn. Òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ nínú wọn.

Àríyànjiyàn yìí kò mọ sílé wa. Ní 2022, rẹ́kọ́ọ̀dù bíi mílíọ̀nù 41 ni wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, síídì sì jẹ́ bíi mílíọ̀nù 33. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti 1987 tí rẹ́kọ́ọ̀dù máa tà ju síídì lọ níbẹ̀. Ìròyìn náà tàn dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn ọ̀dọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn òbí wọn léèrè ibi tí àwo àtijọ́ wà. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò gbọ́ ni pé àwọn ará Amẹ́ríkà kan náà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú orin wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ èrò mi ṣáájú: orin tí ẹ fẹ́ gbọ́ ni kó bá yín yan ohun tí ẹ ó fi gbọ́ ọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yan ẹ̀rọ kó tó ronú orin, owó rẹ̀ ló ń fi ṣòfò.

Kí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn?

Rẹ́kọ́ọ̀dù ni àwo dúdú pẹrẹsẹ tí àwọn àgbà ń lù lórí rédíógíráàmù tàbí ṣéńjà. Ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí i pé ojú rẹ̀ dà bí oko tí wọ́n ti kọ ebè sí. Poro ló wà lára rẹ̀, poro kan ṣoṣo tó bẹ̀rẹ̀ létí àwo tó ń yí po títí dé àárín. Ẹ̀gbẹ́ poro náà kò tẹ́jú: bí ohùn ṣe ń gbọ̀n nígbà tí wọ́n gbà á sílẹ̀ ni wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ. Bí abẹ́rẹ́ bá ń gba inú rẹ̀ kọjá, òun náà á máa gbọ̀n bákan náà, ẹ̀rọ á sì sọ gbígbọ̀n yẹn di ohùn padà.

Síídì ni àwo kékeré tó ń dán, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12. Sony ti Japan àti Philips ti Netherlands ló jọ ṣe é, oṣù October 1982 ló kọ́kọ́ dé ọjà ní Japan. Abẹ́rẹ́ kò sí níbẹ̀. Iná léésà ló ń ka àwọn ihò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, nọ́ńbà sì ni àwọn ihò náà dúró fún. Nígbà tí wọ́n ń gba orin sílẹ̀ fún síídì, ìgbà 44,100 ni wọ́n ń wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí wọ́n ń kọ iye tí wọ́n bá sílẹ̀.

Sítíríìmù ni orúkọ tí wọ́n ń pe orin orí íntánẹ́ẹ̀tì. Orin wà lórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan lọ́nà jíjìn, ó sì ń ṣàn wá sí fóònù yín bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ, bí omi ẹ̀rọ ṣe ń gba inú páìpù wá. Boomplay tó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2015, Audiomack, YouTube, Apple Music, àti Spotify tó wọ Nàìjíríà ní February 2021, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Nọ́ńbà ni orin tiwọn náà, bíi ti síídì.

Ṣé lóòótọ́ ni rẹ́kọ́ọ̀dù dùn ju síídì lọ?

Ibí ni ìdàrúdàpọ̀ pọ̀ sí. Ohun tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ́kọ́ọ̀dù máa ń sọ ni pé síídì gé ohùn sí wẹ́wẹ́, pé àlàfo á wà láàárín nọ́ńbà kan àti èkejì, pé nǹkan á ti bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó jọ òótọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Etí ọ̀dọ́ tó dá ṣáṣá kì í gbọ́ ohùn tó bá gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tàwa tí ọjọ́ orí ti ń lọ kò sì tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá ti wọn ohùn ní ìlọ́po méjì iye yẹn, kí ẹ fi díẹ̀ lé e, ẹ̀rọ lè dá a padà ní kíkún láìsí àlàfo kankan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú 44,100. Kò sí ohun tí etí yín lè gbọ́ tó bọ́ sílẹ̀.

Rẹ́kọ́ọ̀dù gan-an ló ní ohun tí kò lè gbé. Ohùn béèsì máa ń mú kí poro fì sọ́tùn-ún fì sósì gan-an. Tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ bó ṣe rí, poro kan á wọ inú èkejì, orin tí ojú àwo kan lè gbà á sì dín kù. Nítorí náà, wọ́n máa ń dín béèsì kù nígbà tí wọ́n bá ń gbẹ́ àwo, wọ́n á gbé ohùn tó tín-ín-rín sókè, áńpìlífáyà yóò wá dá wọn padà sí bí wọ́n ṣe wà nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ ọ. Bí abẹ́rẹ́ bá sì ti ń sún mọ́ àárín, yíyí kan àwo ń kúrú sí i, orin púpọ̀ ń fún ara wọn nínú àyè kékeré, ohùn á sì máa ṣú díẹ̀.

Ṣé irọ́ wá ni àwọn tó ní rẹ́kọ́ọ̀dù dùn ń pa? Rárá o. Èmi fúnra mi fẹ́ràn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ máa ń rọ̀ létí, gángan inú rẹ̀ máa ń dà bíi pé awọ ló ń dún lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí etí ń gbọ́ yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó pèsè orin náà sílẹ̀ ni nígbà púpọ̀, kì í ṣe ti àwo. Láti bí ọdún 1990 síwájú, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fún ohùn orin pọ̀ kó lè pariwo ju ti ẹlòmíràn lọ, débi pé ibi jẹ́jẹ́ àti ibi líle di ọgbọọgba. Irú síídì bẹ́ẹ̀ máa ń rẹ etí. Tí àwo àtijọ́ orin kan náà bá dùn ju síídì tí wọ́n tún ṣe lọ, ẹ má dá síídì lẹ́bi, ọwọ́ ẹni tó fún orin pọ̀ ni kí ẹ wò.

Ẹ̀rí kan wà tó tó gbọ́. Ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, Mobile Fidelity, ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù olówó gọbọi fún àwọn tó gbà pé nọ́ńbà ń ba orin jẹ́. Ní 2022 ló hàn sí gbangba pé wọ́n ti ń sọ orin di nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó gbẹ́ púpọ̀ nínú àwọn àwo náà. Àwọn oníbàárà bínú, wọ́n gbé wọn lọ sí kóòtù, ó sì tọ́ kí wọ́n bínú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tí etí wọn mú jù lọ fi ń yin àwọn àwo yẹn.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí orin kó tó dé orí fóònù?

Ẹ rántí bí a ṣe ń sẹ́ ògì. Ẹni tó ń sẹ́ ẹ á yọ eèrí kúrò, ohun tó kù ni a ó mu, kò sì sẹ́ni tó ń wá eèrí nínú ife. Ohun tí ọ̀pọ̀ áàpù orin ń ṣe nìyẹn. Ohùn kan wà tí òmíràn tó le jù ú lọ ti bò mọ́lẹ̀, tí etí kò ní í gbọ́. Wọ́n á sẹ́ ẹ dànù kí orin lè fúyẹ́. Tí wọ́n bá sẹ́ ẹ níwọ̀nba, ó ṣòro kí ẹ mọ̀. Tí wọ́n bá sẹ́ ẹ jù, ògì á ṣàn bí omi: ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á máa dún bí ìgbà tí wọ́n ń da iyanrìn, àtẹ́wọ́ àwọn elégbè á sì daru mọ́ ara wọn.

Orí ìwọ̀n kb, ìyẹn iye dátà tí orin ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ni ẹ ti ń mọ bí wọ́n ṣe sẹ́ ẹ tó. Ẹ lọ sí ibi ètò nínú áàpù yín, ẹ ó rí i. Ní 96, wákàtí kan orin á jẹ dátà bíi 43 MB. Ní 160, á jẹ 72. Ní 320, tó jẹ́ pé etí púpọ̀ kò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín òun àti síídì mọ́, á jẹ 144. Ẹni tó bá ń gbọ́ orin fún wákàtí méjì lójúmọ́ á jẹ dátà bíi 2.6 GB lóṣù ní 96, àti bíi 8.6 GB ní 320. Fídíò YouTube ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, nítorí náà ẹni tó bá ń fi YouTube gbọ́ orin láìwo ojú rẹ̀ ń sanwó àwòrán tí kò wò.

Ọ̀nà kejì wà, èyí tí Apple Music bẹ̀rẹ̀ ní 2021 tí Spotify náà sì bẹ̀rẹ̀ ní 2025. Èyí kì í ṣe sísẹ́. Aṣọ ni wọ́n ká kó lè gba inú àpótí. Bí ẹ bá tú u, ó pé bó ṣe wà. Ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti síídì, ṣùgbọ́n dátà tó ń jẹ pọ̀. Bí ẹ bá sì wá fi Bluetooth gbọ́ ọ, Bluetooth yóò tún un sẹ́ lọ́nà, ẹ ó kàn ná dátà yẹn lásán ni. Bákan náà ló rí fún ẹni tó ra rẹ́kọ́ọ̀dù tó so ó mọ́ sípíkà Bluetooth: ó ti sọ ọ́ di nọ́ńbà, ó sì ti sẹ́ ẹ.

Kí ló so orin wa pọ̀ mọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tó bẹ́ẹ̀?

Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá tó bí bàbá Fẹlá, kọ orin sínú àwo Zonophone ní London. Àwo ìgbà yẹn ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, ó sì lè fọ́ bí àwo ìjẹun bá ṣe ń fọ́. Ojú kan kì í sábà gbà ju bí ìṣẹ́jú 3 lọ, olórin á sì rí i pé òun ti parí kí poro tó tán. Columbia ní Amẹ́ríkà gbé àwo ńlá jáde ní 1948, èyí tó ń yí nígbà 33 àti ìdámẹ́ta, tí ojú kan rẹ̀ ń gba nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú.

Àwọn olórin wa lo àyè yẹn lọ́nà tiwọn. Àwọn olórin jùjú bí Ebenezer Obey àti Sunny Adé kò gé ojú àwo sí orin kéékèèké mọ́. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ lápá kan, wọ́n á kọjá sí òmíràn, wọ́n á ki àwọn olówó, ìlù á gbà á, ojú kan á tán láìdánu dúró, bó ṣe máa ń rí lójú agbo. Nínú ọ̀pọ̀ àwo Fẹlá, orin kan ṣoṣo ló ń gba ojú kan. Ẹni tó bá fi fóònù gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí mò ń wí: wọ́n lè ti gé e sí mẹ́fà, kí áàpù da wọ́n rú, tàbí kí ìpolówó ọṣẹ já lu àárín ibi tí gángan ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ìyẹn ń dùn mí ju ọ̀rọ̀ kb lọ. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ jùjú bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ẹ wá èyí tí wọ́n gbé ojú kan sí lódidi, kí ẹ sì pa ètò tó ń da orin rú.

Ohun kejì ni pé ọ̀pọ̀ àwo wa kò jáde lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá. Hárúnà Ìṣọ̀lá àti I. K. Dairo dá STAR Records tiwọn sílẹ̀ ní 1969, Hárúnà sì dá Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní 1979. Lẹ́yìn wọn, àwọn kéékèèké pọ̀ tó jẹ́ pé ẹni tó dá wọn sílẹ̀ ti kú, tí téèpù ìpilẹ̀ṣẹ̀ sì ti sọnù. Orin irú wọn tó dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, láti ara rẹ́kọ́ọ̀dù ẹnìkan ni wọ́n ti gbé púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa, ẹ ó gbọ́ tàtàtà abẹ́rẹ́ lábẹ́ orin. Àwòrán tí wọ́n yà lára àwòrán ni. Tí àwo náà bá wà lọ́wọ́ yín tó mọ́, tiyín ló sún mọ́ ìpilẹ̀ṣẹ̀ jù.

Kí ló ń ba rẹ́kọ́ọ̀dù jẹ́, kí ló sì ń ná ni?

Àbúrò wa ní Peckham ti ra ṣéńjà olówó pọ́ọ́kú kan, èyí tó dà bí báàgì ìrìn-àjò tí sípíkà wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ó pè mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àwo yìí ti ń há." Kò yà mí lẹ́nu. Abẹ́rẹ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń wúwo tó gíráàmù 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí àwo, nígbà tí èyí tó dára kì í sábà ju 2 lọ. Bó ṣe ń kọ orin náà ló ń fá a lọ. Bí àwọn bàbá wa náà ṣe ba àwo tiwọn jẹ́ nìyẹn nígbà tí wọ́n bá gbé kọ́bọ̀ lé orí abẹ́rẹ́ kó má baà fò.

Abẹ́rẹ́ máa ń gbó. Bíi wákàtí 500 sí 1,000 ni ti dáyámọ́ǹdì. Àwo 78 sì ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀ tó nípọn. Abẹ́rẹ́ tóóró á rì sísàlẹ̀ poro rẹ̀. Ẹ má fi ọtí tàbí sípírítì nu àwo 78 láé, nítorí yóò yọ́. Ẹ to gbogbo àwo ní ìdúró bí ìwé, kí oòrùn má pa wọ́n, kí ikán má dé ibẹ̀, torí páálí ara wọn ni ikán kọ́kọ́ ń jẹ.

Ọ̀rọ̀ iná náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣéńjà àtijọ́ ń gba ìyára wọn láti ara iná tó ń wọlé. Bí ẹ bá fi jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kò dúró sójú kan gbé e, ohùn olórin á máa gòkè, á máa sọ̀ bí ẹni tó mu àmupara. Ínfátà tó dára ló yẹ ẹ́. Bí ẹ bá sì so ṣéńjà mọ́ sípíkà lásán tí ohùn rẹ̀ kéré tí kò ní béèsì, ẹ má rò pé àwo ló bàjẹ́: béèsì tí wọ́n dín kù nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ ni kò sí ohun tó dá a padà. Ihò tí wọ́n kọ PHONO sí lẹ́yìn áńpìlífáyà ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Tí áńpìlífáyà yín kò bá ní in, ẹ ó ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣe é lọ́tọ̀.

Síídì tí ẹ ní nílé, ṣé síídì ni?

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, síídì ni mo rò pé a ti fojú di jù. Ohùn rẹ̀ pé, kò ń jẹ dátà, gbígbọ́ kò gbó o, ẹni kankan kò lè gbà á lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú èyí tí a rà lójú títì, tí wọ́n kọ "orin 100 nínú àwo kan" sí lára, orin tí wọ́n ti sẹ́ bí ògì ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Síídì tòótọ́ kì í gbà ju bí ìṣẹ́jú 74 sí 80 lọ. Èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kọ, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sábà máa ń ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ aró díẹ̀, kò fẹ́ ooru àti oòrùn. Bí ẹ bá ní in, ẹ tètè gbé orin inú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ sì ṣọ́ra fún ojú tí wọ́n kọ orúkọ sí. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni orin wà, ìfàya níbẹ̀ léwu ju ti ẹ̀yìn tó ń dán lọ.

Ta ló ni orin tó wà lórí fóònù yín?

Ilé àyágbé ni sítíríìmù. Ó tura, ó kún fún nǹkan, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí owó bá tán tàbí tí onílé bá yí ọkàn padà, ẹ ó kó jáde. Orin tí ẹ gbà sílẹ̀ sínú áàpù náà wà lábẹ́ òfin yẹn. Bí ẹ kò bá sanwó mọ́, kò ní í ṣí.

Ó kan àwọn olórin pẹ̀lú. Láti 2024, Spotify kì í sanwó lórí orin tí wọn kò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12. Orin tuntun tó lókìkí kò mọ̀ pé òfin náà wà. Sákárà àtijọ́ tí àwọn ọmọ olórin náà gbé síbẹ̀ ló ń bá a wí. Bí olórin tí ẹ fẹ́ràn tàbí ẹbí rẹ̀ bá ń ta síídì tàbí àwo, ẹ rà á lọ́wọ́ wọn.

Èwo wá ni kí ẹ mú?

Bó bá jẹ́ orin òde òní lẹ ń gbọ́, ẹ dúró sórí sítíríìmù, kí owó yín lọ sórí sípíkà. Sípíkà ló ń yí ohùn ilé padà ju ohun yòówù lọ, síídì tó dára jù lọ kò sì lè gba sípíkà burúkú sílẹ̀. Bó bá jẹ́ orin kan náà lẹ ń tún gbọ́ láti ọdún dé ọdún, ẹ ra síídì rẹ̀. Rẹ́kọ́ọ̀dù wà fún ẹni tó ti ní àwo, tàbí ẹni tí orin rẹ̀ kò sí níbòmíràn, tàbí ẹni tó ń gbádùn kó jókòó ti ojú kan títí yóò fi tán. Ìgbádùn yẹn tó ìdí. Kí ẹni náà ṣáà mọ̀ pé òun ń ra abẹ́rẹ́, òun ń nu eruku, òun sì ń wá iná.

Ní ti àwo 63 bàbá wa, a jókòó pẹ̀lú fóònù, a wá wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. A rí 46. Nínú wọn, 9 ni ohùn wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì burú ju ti àwo wa lọ. Àwọn 17 tó kù, a kò rí wọn níbikíbi. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, ẹni tó ní ká kó wọn fún ẹni tó bá fẹ́, ló ń fi omi gbígbóná-wọ́ọ́wọ́ọ́ àti aṣọ àlà nù wọ́n báyìí. Lọ́jọ́ Àìkú tí iná bá dúró, a máa ń gbé ojú kan sórí kọ̀ǹpútà láìsẹ́ ẹ. A ti ṣe mọ́kànlá.